Àká Iye: Ohun Tí Ìrísí Mátíríìsì Ń Fi Hàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi oorun àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ wá sí Táńkẹ̀ níhìn-ín, mo kí yín o. Ẹ kú ìrìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́ Ìpo, tí ẹ ti kúrò nílé kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró kí a tó wọ inú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bàbá mi àgbà a máa so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn kan ní ẹ̀yìnkùlé, ibi tí ewúrẹ́ náà bá sì ti jẹ koríko tán a máa rí róbótó bí ojú ìkòkò, nítorí pé okùn kò jẹ́ kí ó jìnnà sí èèkàn ju ìwọ̀n kan lọ. Lọ́dún kan tí ewúrẹ́ ń fa èèkàn tu ṣáá, bàbá kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn, wọ́n so orí okùn kan mọ́ èèkàn kìíní, wọ́n so orí rẹ̀ kejì mọ́ èèkàn kejì, wọ́n sì ki okùn náà bọ inú òrùka irin tó wà lọ́rùn ewúrẹ́, kí òrùka lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí ewúrẹ́ jẹ lọ́sẹ̀ yẹn kò rí róbótó mọ́. Ó gùn níhà tí èèkàn méjèèjì tò sí, ó fún níbùú, etí rẹ̀ sì tẹ̀ wẹ́rẹ́ láìní igun kankan. Ẹ́lípìsì ni wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé pé ìrísí yẹn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó mọ̀ pé ìrísí kan náà ni mátíríìsì kékeré ń yà sórí bébà bí a bá bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

Mátíríìsì jẹ́ àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà ìbú àti ìlà òró, bí ẹyin inú kíréètì. Kíréètì ẹyin jẹ́ 5 lọ́nà kan, 6 lọ́nà kejì. Tiwa lónìí gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́nà méjèèjì, ìbáà jẹ́ 2 sí 2 tàbí 100 sí 100. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fẹ́kítọ̀ kan, èyí tí ẹ lè rò bí ọfà tó ní gígùn àti ibi tó kọjú sí, kí ó sì dá ọfà mìíràn padà. Àwọn ọfà kan wà tí mátíríìsì kì í yí ojú wọn síbòmíràn. Ó kàn ń fà wọ́n gùn tàbí kí ó sọ wọ́n di kúkúrú. Ìlọ́po tí ó fi fà wọ́n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí eigenvalue, tí èmi yóò máa pè ní iye àdámọ́. Iye àdámọ́ ni gbogbo ìwé ìṣirò wa ń kọ́ ọmọ láti wá, tí ọmọ bá sì ti rí i tán, yóò fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, ó parí. Ẹjọ́ tí mo wá rò lónìí ni pé kò ì tíì parí: mátíríìsì méjì lè ní iye àdámọ́ kan náà kí ìwà wọn sì jìnnà síra bí ọ̀sán àti òru, àwòrán kan sì wà tó máa ń tú àṣírí ìyàtọ̀ náà.

Báyìí ni a ṣe ń ya àwòrán náà. Mú ọfà kan, x, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1 géérégé. Jẹ́ kí mátíríìsì A ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí o wá wo bí ọfà tó jáde ṣe faramọ́ èyí tó wọlé tó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìwọ̀n yẹn, a sì ń kọ ọ́ báyìí: x*Ax. Tún mú ọfà mìíràn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, kí o ṣe bẹ́ẹ̀, kí o má sì dúró títí wàá fi mú gbogbo irú ọfà bẹ́ẹ̀ tán. Gbogbo nọ́ńbà tó jáde, tí a kó jọ sójú kan, ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní numerical range. Felix Hausdorff, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì kan, nínú àkọlé iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1919, lo ọ̀rọ̀ Jámánì kan, Wertvorrat, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ iye tí a kó pamọ́, bí ẹni kó àgbàdo pamọ́. Mo fẹ́ràn ti Hausdorff ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìdí nìyẹn tí n ó fi máa pè é ní àká iye.

Ohun kan ṣẹ́ kù kí a tó máa lọ. Àwọn nọ́ńbà tí a ń lò níhìn-ín lè ní apá méjì: apá gidi, àti apá tí a fi i sọ pọ̀, ìyẹn i tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, −1 ló ń bí. Apá gidi ni a ń fi rìn lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì lórí bébà, apá onî-i ni a ń fi rìn sókè tàbí sísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan lórí bébà, àká iye sì jẹ́ ilẹ̀ kan tó ní etí, tí a lè fi ojú rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ọ̀kan. Ìlà ìbú kìíní mátíríìsì wa ní 1 àti 2, ìlà kejì ní 0 àti 3. Iye àdámọ́ rẹ̀ jẹ́ 1 àti 3. Wọ́n wà lórí ìlà igun-dé-igun, a kò ní láti wá wọn jìnnà. Bí ọfà wa bá jẹ́ (1, 0), x*Ax yóò jẹ́ 1. Bí ó bá jẹ́ (0, 1), yóò jẹ́ 3. Títí dé ibí, ohun gbogbo rí bí a ṣe retí. Ẹ wá mú (0.6, 0.8), tí gígùn rẹ̀ náà jẹ́ 1, nítorí pé 0.36 àti 0.64 pé 1. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 0.36, kí ẹ fi ìlọ́po méjì 0.48 (ìyẹn 0.6 lọ́nà 0.8) kún un, kí ẹ tún fi ìlọ́po mẹ́ta 0.64 kún un. Ó di 3.24. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó nu ìdáhùn yìí nù nígbà mẹ́ta, tó tún un ṣe, nítorí pé ó dá a lójú pé ohun tó ń ti àárín 1 àti 3 jáde kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Bẹ́ẹ̀, ó jù ú lọ. Ó tilẹ̀ lè dé 2 + √2, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.41, ó sì lè rẹlẹ̀ dé nǹkan bí 0.59. Bí a bá wá fi i sínú ọfà náà, kí apá rẹ̀ kìíní jẹ́ 1/√2, kí èkejì jẹ́ i/√2, ìdáhùn yóò di 2 + i: a ti gòkè kúrò lórí ìlà pátápátá. Bí ẹ bá ṣe é títí tí bébà fi kún, ẹ óò rí ibi tí ewúrẹ́ bàbá mi jẹ koríko dé.

Òfin rẹ̀ nìyí fún gbogbo mátíríìsì 2 sí 2. Èèkàn méjèèjì ni iye àdámọ́ méjèèjì. Láti mọ bí ẹ́lípìsì náà ṣe fẹ̀ tó níbùú, ẹ sọ ìtóbi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú mátíríìsì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ yọ ti iye àdámọ́ méjèèjì kúrò lọ́nà kan náà, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù. Nínú tiwa, 1 àti 4 àti 9 jẹ́ 14. 1 àti 9 tí a yọ jẹ́ 10. 4 ló kù, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 2. Okùn tó wà láàárín èèkàn méjèèjì gùn tó 2.83. Bí ìbú bá di òdo, a jẹ́ pé okùn gùn tó àlàfo èèkàn gan-an, kò dẹ̀ rárá, ewúrẹ́ kò sì lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Orí ìlà tó so èèkàn pọ̀ nìkan ni yóò máa rìn. Bí èèkàn méjèèjì bá bọ́ sójú kan, róbótó ni. Mátíríìsì tí ìlà kìíní rẹ̀ jẹ́ 0 àti 1, tí ìlà kejì jẹ́ 0 àti 0, ní iye àdámọ́ kan ṣoṣo, òdo, ṣùgbọ́n àká iye rẹ̀ jẹ́ róbótó tí àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 1/2. Ẹni tó bá wo iye àdámọ́ nìkan yóò ní òfìfo ni mátíríìsì yìí.

Otto Toeplitz ló kọ́kọ́ fi hàn, ní 1918, pé etí òde àká iye kì í tẹ̀ wọnú. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Hausdorff wá parí rẹ̀, tó fi hàn pé kò ní ihò nínú pẹ̀lú: bí ẹ bá mú àmì méjì èyíkéyìí nínú àká iye, tí ẹ na òwú ṣánṣán láti ọ̀kan dé èkejì, kò síbi tí òwú náà yóò ti jáde síta, bí ó ti wù kí mátíríìsì náà tóbi tó. Ìlú kan náà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, Breslau, tó wà ní ilẹ̀ Pólàńdì báyìí tó sì ń jẹ́ Wrocław. Wọ́n sì jọ wá ṣe olùkọ́ ní Bonn. Júù ni wọ́n. Ìjọba Násì yọ Toeplitz lẹ́nu iṣẹ́ ní 1935, ó sá lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1939, ó kú síbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Hausdorff kò kúrò ní Bonn. Ní January 1942, nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kó o lọ sí àgọ́ ìkónimọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀mí ara wọn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bẹ lẹ́nu wa lójoojúmọ́ bí ẹni pé àmì ìṣirò lásán ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn ẹ̀yà mátíríìsì. Èyí tó rọrùn jù ni Hermitian, tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣe é bí ẹni wo dígí ní ìlà igun-dé-igun, tí a sì yí àmì iwájú i padà, òun náà ló tún jáde. Àká iye rẹ̀ jẹ́ ìlà ṣánṣán lórí àwọn nọ́ńbà gidi, láti iye àdámọ́ tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. N kò ní ju èyí lọ láti sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé òun la ó fi ya gbogbo àwọn yòókù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí a ń pè ní normal, ìyẹn àwọn tí A àti A* (A tí a wo nínú dígí báyẹn, tí a sì yí àmì iwájú i rẹ̀ padà) lè gba ipò ara wọn bí a bá ń sọ wọ́n di púpọ̀. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sínú mátíríìsì láìronú yóò pẹ́ kó tó kan normal ẹyọ kan. Fún irú èyí, ẹ kan ìṣó mọ́ pákó síbi tí iye àdámọ́ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ wá na rọ́bà, irú èyí tí a fi ń di owó, yí gbogbo ìṣó náà ká, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí rọ́bà náà gbá mọ́ra ni àká iye. Ìdí rẹ̀ ni pé fún mátíríìsì normal, x*Ax kì í ju pé ká pín 1 fún àwọn iye àdámọ́, ti ẹnì kan lè pọ̀, ti ẹlòmíràn lè kéré, kí a sì ro wọ́n pọ̀. Ìpín irú bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ènìyàn jáde kúrò nínú rọ́bà.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, nítorí pé níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ẹ fi ojú inú wo ìyá mẹ́fà tó jókòó yí ká lábẹ́ igi, tí wọ́n ń pa ègúsí, igbá kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú wọn. Bí a bá lu agogo, ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gbé igbá tirẹ̀ fún ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Mátíríìsì 6 sí 6 ni ètò yìí, 1 mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀, òdo ni ìyókù. Bí a bá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹ́fà, igbá oníkálùkù ti padà síwájú rẹ̀. Mátíríìsì náà jẹ́ normal. Iye àdámọ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò yí òdo ká ní ìwọ̀n 1 sí i, 60 dígírì sì wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Ẹ ti rọ́bà yí wọn ká: ó di ìrísí onígun mẹ́fà tó dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí ìyá kẹfà yí ọkàn padà. Dípò kí ó gbé igbá rẹ̀ fún ìyá kìíní, ó ń da ègúsí rẹ̀ sínú àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kìíní sì ń gba igbá òfìfo. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí padà nínú mátíríìsì tó ní nọ́ńbà 36: 1 kan di òdo. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye àdámọ́. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà subú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n di òdo. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn agogo mẹ́fà, gbogbo igbá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n àká iye kò subú. Láti onígun mẹ́fà, ó di róbótó, láti àárín rẹ̀ dé etí sì jẹ́ kósáìnì 180 dígírì tí a pín sí 7, ìyẹn nǹkan bí 0.901. Ẹ rántí pé igun onígun mẹ́fà àkọ́kọ́ wà ní ìwọ̀n 1 sí àárín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wà ní 0.866. Etí róbótó tuntun náà gba àárín méjèèjì kọjá. Ìwà ìyá kẹfà ba iye àdámọ́ jẹ́ pátápátá. Àká iye kàn pa igun rẹ̀ rẹ́ díẹ̀ ni, bí òkúta odò tí omi ti fọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ róbótó gan-an? Ẹ jẹ́ kí ìyá kìíní yí nọ́ńbà tirẹ̀ ní ìwọ̀n igun kan, kí ìkejì yí tirẹ̀ ní ìlọ́po méjì igun náà, kí ìkẹta yí tirẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, títí dé ìkẹfà. Gígùn ọfà kò yí padà, a kò sì mú ọfà kankan kúrò nínú ìkójọ wa, ṣùgbọ́n gbogbo àmì inú àká iye ti yí ká òdo ní ìwọ̀n igun yẹn. Ilẹ̀ tó lè yí ká ní ìwọ̀n yòówù tó bá wù wá, tí ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà, róbótó nìkan ló lè jẹ́. Nígbà tí ètò náà ṣì yí po, tí ìyá kẹfà ń gbé igbá fún ìyá kìíní, kò sí òmìnira yẹn. Ìyípadà tí ìkẹfà bá ṣe gbọ́dọ̀ bá ti ìkìíní mu, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe àfi ní 60 dígírì àti àwọn ìlọ́po rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igun fi wà nígbà náà, tí igun sì fi pòórá nígbà tí a já ètò náà.

Òfin kan náà kan iye ìyá yòówù tó bá jókòó: bí wọ́n bá jẹ́ n, tí ẹni ìkẹyìn kò sì gbé igbá fún ẹni àkọ́kọ́, a óò pín 180 dígírì sí n + 1, a óò wá kósáìnì rẹ̀. Méjì fún wa ní 0.5, mẹ́ta fún wa ní 0.707, mẹ́rin 0.809, bí wọ́n bá sì ń pọ̀ sí i, róbótó náà ń sún mọ́ 1 láìdé ibẹ̀. Bí ìyá kọ̀ọ̀kan bá ń gbé nǹkan fún ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì pẹ̀lú, ní ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí kò yí padà láti ẹnì kan sí ẹnì kejì, ẹ́lípìsì la óò tún bá pàdé, bí ó ti wù kí mátíríìsì náà tóbi tó. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú mátíríìsì tí kò ní nọ́ńbà kankan tó wà nísàlẹ̀ òdo, irú ti igbá yìí, kò sí àmì inú àká iye tó jìnnà sí òdo ju èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá lórí ìlà àwọn nọ́ńbà gidi.

Nígbà tí a bá dé 3 sí 3, ẹ́lípìsì nìkan kò tó mọ́. Rudolf Kippenhahn ló tò wọ́n sí ẹ̀yà ní 1951, ọ̀gbẹ́ni tó wá fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe ìmọ̀ ìràwọ̀, tó sì lókìkí níbẹ̀ ju bó ṣe lókìkí láàárín wa lọ. Ìrísí lè jẹ́ onígun mẹ́ta, èyí tí í ṣe ti normal. Ó lè jẹ́ ẹ́lípìsì àti àmì kan tí rọ́bà yí méjèèjì ká, tí àmì náà bá sì wà nínú ẹ́lípìsì, ẹ́lípìsì nìkan la óò rí. Ó lè tẹ̀ wẹ́rẹ́ yí ká àfi ẹ̀gbẹ́ kan tó lọ tààrà. Tàbí kó dà bí ẹyin tí kò ní ẹ̀gbẹ́ títẹ́ rárá. Ẹ̀yà mẹ́rin yìí ló wà fún 3 sí 3, kò sí ìkarùn-ún.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń yà á láìfi ọfà kọ̀ọ̀kan dánwò títí ilẹ̀ fi ṣú? Charles Johnson gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1978 tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí pé káfíńtà yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan kan tí kò tẹ̀ wọnú bá wà lórí tábìlì, tí a di ojú yín, ẹ lè mọ ìrísí rẹ̀ bí ẹ bá ń ti pákó títọ́ kan sún mọ́ ọn láti gbogbo ìhà, tí ẹ sì ń sàmì síbi tí pákó ti kàn án. Níbi ti mátíríìsì, kí ẹ tó ti pákó láti ìhà kan, ẹ yí A sí ìhà náà, ẹ mú apá rẹ̀ tó jẹ́ Hermitian, ìyẹn ìdajì àròpọ̀ A àti A*, ẹ wá iye àdámọ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Ibẹ̀ ni pákó yóò dúró sí. Ọfà tó bá iye yẹn rìn ni yóò sì fi ibi tí pákó ti kan etí hàn. Láptọ́ọ̀pù tí gbogbo yín ní lè ṣe é fún 360 ìhà kí iná tó lọ, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń lọ.

Ẹnì kan ti na ọwọ́ láti béèrè ohun tí èyí wúlò fún. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi ara mi dáhùn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan ní kí n bá wọn yẹ ìṣirò ohun tó ń ṣàkóso jẹnẹrétọ̀ wọn wò, pé ṣé agbára iná yóò fara balẹ̀ bí nǹkan bá dà á láàmú. Mo wá iye àdámọ́, gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo, mo kọ ọ́ pé yóò fara balẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Òótọ́ ni mo sọ: ó fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fara balẹ̀, ó kọ́kọ́ fò sókè, fíúsì méjì sì jó. Ẹ wo mátíríìsì tí ìlà kìíní rẹ̀ jẹ́ −1 àti 10, tí ìkejì jẹ́ 0 àti −2, kí ẹ jẹ́ kó máa darí bí nǹkan méjì ṣe ń yí padà. Iye àdámọ́ jẹ́ −1 àti −2, àwọn méjèèjì ń sọ pé ohun gbogbo yóò rọlẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti (0, 1), nǹkan kìíní yóò gòkè láti òdo dé 2.5, kó tó ronú àtiwálẹ̀. Ẹ wá ya àká iye rẹ̀: èèkàn wà ní −1 àti −2, ṣùgbọ́n ìbú ẹ́lípìsì náà jẹ́ 10, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kọjá òdo lọ dé nǹkan bí 3.52. Apá tó kọjá òdo yẹn ni ìkìlọ̀. Bí gbogbo àká iye bá wà lápá òsì òdo, gígùn ọfà kankan kò ní pọ̀ sí i, àní fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kọjá, ọfà kan wà tí yóò kọ́kọ́ gùn. Ká ní mo ya àwòrán lọ́jọ́ náà ni, n kò bá ti ra fíúsì.

Ìbéèrè tó ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì rí ìdáhùn ni ti Michel Crouzeix, ará ilẹ̀ Faransé. Ó sọ ní 2004 pé bí a bá fi mátíríìsì sínú pọlinómíà èyíkéyìí (irú z² + 3z + 1), ìtóbi ohun tó jáde, ìyẹn ìlọ́po tó pọ̀ jù tó lè fi fa ọfà gùn, kò ní ju ìlọ́po 2 èyí tó tóbi jù tí pọlinómíà náà lè dé lórí àká iye. Òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rí hàn fún àwọn 2 sí 2. Fún gbogbo mátíríìsì, ìlọ́po 11.08 dípò 2 ni ẹ̀rí rẹ̀ dé ní 2007. Ní 2017, òun àti César Palencia sọ ọ́ kalẹ̀ dé 1 + √2, ìyẹn nǹkan bí 2.41, ẹ̀rí náà sì kúrú tóbẹ́ẹ̀ tí ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ibẹ̀ dé 2 ni ìjà wà. A mọ̀ pé kò lè kéré sí 2, mátíríìsì 0 àti 1, 0 àti 0 tí a rí lẹ́ẹ̀kan ló sì jẹ́rìí sí i: pọlinómíà tó rọrùn jù, z fúnra rẹ̀, kò ju 1/2 lọ lórí róbótó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtóbi mátíríìsì náà jẹ́ 1.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà tí mo jókòó, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀fà dìde, ó ní: “Ẹ̀yin sà, ẹ ní normal ló ń fún wa ní igun àti rọ́bà. Bí mo bá wá ya àká iye, tí mo rí onígun mẹ́ta tí iye àdámọ́ wà ní igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mátíríìsì náà jẹ́ normal?” Mo dìde padà. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ bí mátíríìsì ṣe tóbi tó. William Donoghue fi hàn ní 1957 pé ibikíbi tí etí àká iye bá ti ní igun mímú, iye àdámọ́ ló wà níbẹ̀, irú iye bẹ́ẹ̀ sì ń dá dúró, kì í bá àwọn yòókù da nǹkan pọ̀. Bí mátíríìsì bá jẹ́ 3 sí 3, igun mẹ́ta ti gbà á tán. Bí ó bá jẹ́ 4 sí 4, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn igun mẹ́ta, nọ́ńbà kan kò sì lè ṣe ju kó jẹ́ normal lọ. Ṣùgbọ́n nínú 5 sí 5, apá 2 sí 2 ló ṣẹ́ kù, àyè ìsápamọ́ sì wà níbẹ̀. Mo ya onígun mẹ́ta sójú pátákó, igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 1 sí òdo, 120 dígírì láàárín wọn, mo sì fi mátíríìsì 0 àti 1, 0 àti 0 yẹn sí apá tó kù. Róbótó rẹ̀ jẹ́ 1/2 láti àárín dé etí. Ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta náà sì wà ní 1/2 sí àárín géérégé. Róbótó náà wọ inú rẹ̀ ṣẹ́ẹ́, ó kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yọ síta níbì kankan, rọ́bà tó wà lóde kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mátíríìsì náà kì í ṣe normal, àwòrán rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wò ó títí, ó wá béèrè bóyá òun lè sọ 1 tó wà nínú apá kékeré náà di 0.8. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, róbótó náà yóò wá jẹ́ 0.4, kò sì ní kan ẹ̀gbẹ́ kankan mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó.